Ọmọ mi ń ka ọ̀rọ̀ ara páálí bí ẹni ń ka oríkì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Rọ̀kíbà, Manchester

Àsàlámù àlékùmù, ẹ̀yin ará ilé. Ọkàn mi kò balẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí lóru. Lánàá ni dókítà eyín sọ fún mi pé wọn yóò yọ eyín mẹ́ta lẹ́nu àbúrò Rọ̀kíbà, ọmọ ọdún méje, ó sì bi mí ní ohun tí ọmọ náà ń mu láràárọ̀. Èmi tí mo rò pé oore ni mò ń ṣe, mo fọwọ́ sọ̀yà pé júùsì ọsàn tí wọ́n kọ "a kò fi ṣúgà kún un" sí lára ni. Dókítà kàn ń wò mí ni. Nígbà tí a délé, tí mo ní kọ́ńfúléèkì olóyin ti parí nílé mi, ọmọ gbé páálí rẹ̀, ó sì ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sí mi létí, láti orí fítámì dé orí agbára eré bọ́ọ̀lù, láìsí àṣìkà kan. Ọmọ tí kò tíì lè ka ìlà méjì nínú oríkì bàbá rẹ̀! Báwo ni ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré pé kí ó máa bi páálí ní ìbéèrè? Ó ní ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí yóò lọ ní Sátidé, n kò sì mọ ohun tí n ó bá a sọ kí ó tó jáde.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọdún mẹ́rin gbáko ni èmi fi ra yúgọ́ọ̀tì nítorí àwòrán màlúù tí ó ń rẹ́rìn-ín lára ike rẹ̀. "A kò fi ṣúgà kún un" kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo òótọ́, nítorí bí wọ́n bá ti fún omi èso kúrò lára èso, ṣúgà inú rẹ̀ wà lára èyí tí àwọn NHS, ètò ìlera ìjọba níhìn-ín, ní kí ọmọ dín kù. Ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 24 lóòjọ́, èyí tí ó jẹ́ hóró ṣúgà mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ páálí júùsì kékeré onímílílítà 200 nìkan ń gba nǹkan bíi mẹ́rin sí márùn-ún níbẹ̀. Ẹ ra ṣúgà oníhóró, kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kà á sínú ife.

Ohun tí ó la ojú àwọn tèmi ni òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà. Páálí kọ́ńfúléèkì sọ pé gíráàmù 30 ni oúnjẹ ẹnì kan, orí 30 yẹn ni wọ́n sì ti ṣírò gbogbo ìṣirò tí ó dùn ún kà níwájú. Mo ní kí Táyé bu tirẹ̀ bí ó ti máa ń bù ú. Nígbà tí a gbé abọ́ lé òṣùwọ̀n, ó fi 70 hàn, mílíìkì kò sì tíì kan án. Kẹ́hìndé wo abọ́, ó wo páálí, ó ní, "Màmá, abọ́ ta ni wọ́n fi wọn tiwọn?" N kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un mọ́.

Bàbá Mútíù, Houston

Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Mo sọ fún ọmọbìnrin mi pé májèlé ni gbogbo ohun tí ó bá wà nínú ọ̀rá aláràbarà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi pè mí láti ilé ìwé. Ó ti já bísíkíìtì gbà lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ti jù ú sí garawa ìdọ̀tí, ó sì ti sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ fẹ́ pa á. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó síwájú ìyá yẹn tí mò ń tọrọ àforíjì, bísíkíìtì tèmi sì wà nínú ọkọ̀ níta, ọmọ náà sì mọ̀.

Àǹtí Ọ̀fà, London

Bàbá Mútíù, ẹ má bínú, èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Ta ni ó ṣàlàyé iná fún wa ní kékeré? "Ó ń jó ni" ni wọ́n wí, a sì sá.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Àǹtí mi, iná kì í parọ́: ọmọ tí ó bá fọwọ́ kàn án yóò rí i pé òótọ́ lẹ sọ. Ọmọ tí ẹ sọ fún pé májèlé ni bísíkíìtì yóò jẹ ẹ́ nílé ọ̀rẹ́, kò sì ní kú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá kìlọ̀ ohun tí ó lè pa á fún un ńkọ́?

Àǹtí Ọ̀fà, London

Kí ó tó dàgbà dé ibẹ̀, eyín rẹ̀ á ti pé lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè ka gíráàmù.

Àfáà Pàkátà, Birmingham

Ẹ̀yin méjèèjì ẹ rọra. Ohun tí mo kórìíra nínú ọ̀rọ̀ "májèlé" yìí ni pé kò ya oúnjẹ kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Ògì, gàrí àti irú, ṣebí ọwọ́ ènìyàn ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Carlos Monteiro ti Yunifásítì São Paulo, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín oúnjẹ sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a ṣe sí i lára, ya wàrà àti búrẹ́dì tí a fi ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀ àti ìwúkàrà ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ilé iṣẹ́ fi àwọn èròjà tí kò sí ní kíṣìnì ẹnikẹ́ni tò jọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo kọ́ àwọn ọmọ mi kò ju ẹyọ kan lọ: èwo nínú àwọn orúkọ yìí ni ìyá àgbà ní nílé ìdáná rẹ̀?

Kí wọ́n tún mọ̀ pé nínú ìlà èròjà, ohun tí ó bá wúwo jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Ṣúgà ti mọ èyí tipẹ́. Ó di glucose syrup níbí, dextrose lọ́hùn-ún, oyin níwájú, gbogbo wọn sì rẹlẹ̀ nínú ìlà, bí olówó tí ó pín ilé rẹ̀ sí orúkọ àwọn ìyàwó kí agbowó-orí má bàa rí i. Kí ẹ tó fi ọmọ rẹ́rìn-ín, ẹ gbé páálí mágí yín. Iyọ̀ ni ó ṣíwájú lára tèmi. Ta ni ó sọ fún àwọn ìyá wa pé ọbẹ̀ kò lè dùn láìsí i, bí kì í bá ṣe rédíò?

Ọmọ Òmù-Àrán, Montreal

Ẹ kó wá sí Québec ní Kánádà. Láti ọdún 1980 ni òfin ti wà níhìn-ín pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dojú ìpolówó ọjà kọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá.

Àǹtí Ọ̀fà, London

Montreal, òtútù yín ti tó wa. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn ilé ìtajà ńlá ní England kò ti gbọdọ̀ to ṣúwíìtì sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìsanwó mọ́.

Bàbá Mútíù, Houston

Ní Amẹ́ríkà tiwa, wọ́n ya ṣúgà àfikún sọ́tọ̀ ní ìlà tirẹ̀, kò sí pé à ń méfò.

Ọmọ Òmù-Àrán, Montreal

Ẹ̀gbọ́n, ìlà kéékèèké tó wà lẹ́yìn páálí ni ẹ fi ń yangàn? Àmọ́ kí n má purọ́: láti ìlú mìíràn ni ọmọ mi ti ń rí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń ṣí ṣúwíìtì lórí YouTube, òfin wa kò sì tó ibẹ̀.

Àǹtí Ọ̀fà, London

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ará Ìlọrin ló ń bẹ̀rù ìpolówó. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀! Ẹ̀yin ni ó yẹ kí wọ́n fi ẹnu yín sí ara páálí.

Àfáà Pàkátà, Birmingham

Ọ̀fà, ìjàkadì lorò yín. Ẹ lọ bá kọ́ńfúléèkì gbé e.

Ẹnu dídùn yẹn náà ni mo rántí, àǹtí. Nígbà tí mo kó àwọn ọmọ lọ sílé ní Ràmàdáánì tó kọjá, a dúró ti obìnrin Fúlàní kan tí ó ń ta wàrà nítòsí Ọjà Ọba. Wàrà náà léfòó nínú omi rẹ̀ nínú igbá, ó funfun, etí rẹ̀ sì ní àmì apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́ ẹ. Ọmọ mi àgbà tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí igbá po, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ èròjà sí. Ojú tì mí. Nígbà tí mo túmọ̀ ìbéèrè rẹ̀, obìnrin náà ní, "Mílíìkì ni, àti ewé bọ̀mubọ̀mu. Òwúrọ̀ yìí ni mo sè é." Ọmọ mi jẹ mẹ́rin.

Ìyá Rọ̀kíbà, Manchester

Ẹ ti jẹ́ kí itọ́ dà lẹ́nu mi. Ó ti ka hóró márùn-ún sínú ife, ó wò ó títí, ó wá bi mí pé hóró mélòó ni ó wà nínú mọ́ọ̀tì bàbá òun. Bàbá rẹ̀ ti gbé ìgò wọ yàrá. Ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ti Sátidé fún mi.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ jẹ́ kí ó jẹun kí ó tó lọ, ó kéré tán. Àfáà, ta ni ó mọ ibi tí a ti lè rí wàrà lágbègbè wa?

Ọmọ Òmù-Àrán, Montreal

Kò sí bọ̀mubọ̀mu níhìn-ín. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fún sí mílíìkì gbígbóná títí ó fi dì. Ó kan díẹ̀, àwọn ọmọ sì jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ ti ilé kò lè purọ́ fún ara mi.

Àfáà Pàkátà, Birmingham

Ẹ dín ọsàn kù, kí ẹ sì din ín pẹ̀lú ata gígún. Mílíìkì gálọ́ọ̀nù mélòó ni ẹ lò?