Ṣé imí-eṣú ni mo rí ni, àbí ewé Akíntọ́lá?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ewé, mo kí yín. Mo rí ewé kan létí igbó tí mo kọ́kọ́ pè ní ewé Akíntọ́lá, èyí tí wọ́n máa ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ṣùgbọ́n kò ga tó orúnkún, irun wẹ́wẹ́ bo igi rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì dà bí aró tó ti ṣá. Èyí ló mú mi fura pé imí-eṣú ni. Àwọn méjèèjì ló ń rùn bí a bá fọwọ́ ra wọ́n, nítorí náà imú nìkan kò tó. Àmì wo ni kì í tanni jẹ? Imí-eṣú ní èròjà tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí a bá ń mu ún, ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ méfò.