Lẹ́búlẹ́bú ń dà lára ìbòjú Dan: kí ni kí n ṣe?

Ará Ìbarà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú igi. Ìbòjú onígi kan, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yà Dan láti Côte d'Ivoire àti Liberia, wà lọ́wọ́ mi l'Abẹ́òkúta níbí. Dúdú ni, ó ń dán, ojú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tẹni tó fẹ́ sùn. Lẹ́búlẹ́bú ń dà lábẹ́ rẹ̀, ihò wínníwínní sì wà lágbọ̀n. Wọ́n ní kí n rẹ ẹ́ sí kẹrosíìnì, kí n sá a sóòrùn, kí n wá fi fáníìṣì kùn ún. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ti fi jó rí?

Agbẹ́gilére Ìtòkò
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kẹrosíìnì kì í sábà dé ibi tí ìdin kòkòrò tó ń jẹ igi náà sá sí, àwọ̀ tó wà lójú ère ló máa bà jẹ́. Oòrùn á mú iwájú gbẹ ṣáájú ẹ̀yìn. Ibi tí igi ti fẹ́lẹ́ jù, ìyẹn etí ojú àti ẹnu, ni yóò kọ́kọ́ là. Ní ti fáníìṣì, ó ń dí ihò ni, kòkòrò á sì máa jẹ igi lọ nínú láìsí ẹni tó rí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọn kòkòrò náà ṣì wà láàyè. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá lẹ́búlẹ́bú náà kúrò, ẹ gbé ère lé bébà dúdú, ẹ má mì í fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí òmíràn bá dà, wọ́n ṣì ń jẹun.

Fírísà ló kàn nìyẹn. Ẹ fi aṣọ òwú wé e, ẹ gbé e sínú ọ̀rá tó nípọn, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ fi tépù dì í pa. Kí fírísà ti tutù dé -20 °C kí ẹ tó gbé e sí i, nítorí bí òtútù bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kòkòrò á ti mú ara bá a mu. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí iná bá lọ tí inú fírísà yọ̀, ẹ tún kà á láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà fún wákàtí 24, kí ìrì lè sẹ̀ sára ọ̀rá, kó má sẹ̀ sára igi.

Olùtọ́jú Ère
Bí ẹfun tàbí ọ̀dà bá ti ń ṣí lára rẹ̀, ẹ má gbé e sí fírísà o, yóò já dànù. Ẹ má sì fi gúlù dí ihò: bí ihò tuntun bá yọ, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ará Ìbarà
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè fi epo pupa pa á lẹ́yìn náà kó lè dán?

Olùtọ́jú Ère
Rárá o. Epo á máa lẹ̀ mọ́ eruku, aáyán á sì wá jẹ ẹ́. Aṣọ gbígbẹ tó.

Agbẹ́gilére Ìtòkò
Ní ti ìbéèrè kejì: irú ìbòjú olójú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni àwọn Dan ń pè ní deangle. Lápá Man àti Danané ní ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire ni wọ́n wà, àti ní Nimba ní Liberia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Gio. Deangle ló máa ń lọ gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin fún àwọn ọmọkùnrin tó wà ní àgọ́ ìkọlà. Èyí tí ojú rẹ̀ rí roboto yàtọ̀: tiwọn ni eré sísá àti ṣíṣọ́ iná ìdáná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ yí i padà, ẹ̀yìn ni kí ẹ yẹ̀ wò. Orí eégún tí a ń gbẹ́ níbí, àtàrí la ń gbé e kà. Ti Dan, ojú ló ń bò. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti fi jó, ibi tí iwájú orí àti imú ti ń kan igi á ti dán, òógùn á sì ti mú un dúdú. Ẹ wo àwọn ihò tó yí etí rẹ̀ ká, níbi tí wọ́n ń so aṣọ mọ́: okùn á ti jẹ etí wọn. Bí ẹnu ihò bá ṣì mú, tí igi ẹ̀yìn sì rí kan náà káàkiri, títà ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ nu ibi kan tó fara sin. Bó bá jẹ́ pólíìṣì bàtà ni wọ́n fi kùn ún kó lè dà bíi ti àtijọ́, á jáde lára aṣọ, ẹ ó sì gbóòórùn rẹ̀.