Iṣan tó ń fò lẹ́yìn irin gbígbé: ibi tó já sí

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi tó ń fò fúnra rẹ̀, tí pajápajá sì ń mú mi lóru láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin fún eré ìdárayá, ni mo bèèrè nípa rẹ̀. Dókítà fi òòlù kékeré gbá orúnkún mi wò, ó ní kí n fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn. Agbára pé, iṣan kò rù, ẹ̀jẹ̀ mi dára. Àárẹ̀ iṣan ni, pẹ̀lú àìsùn àti kọfí. (Ọ̀rọ̀ kọfí yẹn ló dùn mí jù!) Mo dín irin kù, mò ń na ẹsẹ̀ kí n tó sùn. Pajápajá ti lọ. Fífò náà ṣì ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tíì, kó tètè lọ sílé ìwòsàn.