Àwọn ará tí a bá lọ́nà ìrìn àjò ìhìnrere

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Bí a bá ti ìrìn àjò ìhìnrere òkè òkun dé, iye ọkàn tó yí padà la máa ń ròyìn, pẹ̀lú fọ́tò. Àwọn onígbàgbọ́ tí a bá lọ́hùn-ún, tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ físà sínú ìwé ìrìnnà wa, a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn ni mo fẹ́ kí a sọ lónìí. N ó kọ́kọ́ sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tì mí lójú díẹ̀.

Addis Ababa ni, olú ìlú Etiópíà. Ìjọ kékeré kan ní kí n wá wàásù fún àwọn lọ́jọ́ Àìkú. Arákùnrin tó wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú kọ àdírẹ́sì sínú bébà fún mi, ó ní aago mẹ́ta ni ìsìn máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sùn dáadáa, mo wẹ̀, mo tún ìwàásù mi kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí Fílípì bá nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni mo mú, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Mo rò pé mo gbọ́n: n ó gbé ìtàn ará Etiópíà lọ fún àwọn ará Etiópíà.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí takisí já mi sẹ́nu géètì. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìyá àgbà kan ló wà níbẹ̀ tó ń gbálẹ̀, ó fi aṣọ funfun bo orí àti èjìká. Ó wo kóòtù mi, ó wo Bíbélì ọwọ́ mi, ó sì fi etí aṣọ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó pe ọmọkùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ọmọ yẹn ló là á yé mi pé láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ ni àwọn ti ń ka aago. Ohun tí àwa ń pè ní aago méje àárọ̀, aago kan ni lọ́dọ̀ wọn. Aago mẹ́ta wọn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni tiwa. Wọ́n ti retí mi títí, wọ́n ti kọrin títí, alàgbà kan ló bá dìde wàásù.

Mo bi í pé kí ni alàgbà wàásù lé lórí.

Ó ní, "Ìtàn ìwẹ̀fà ni. Nítorí ẹ̀yin àlejò ló ṣe mú un. Gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n láti kékeré."

Mo fẹ́ yí padà lọ, ìyá yẹn ò gbà. Ó gbé àpótí ìjókòó síta, ó gbé kẹ́tùlù omi àti bàsíà wá, ó da omi sí mi lọ́wọ́ bí ẹni ń dà á fún ọmọ bíbí rẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà bá mi bi í pé ṣé àlàáfíà ni. Ó ní, "Egziabher yimesgen." Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń dáhùn. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi méjèèjì mú, omi ṣì ń kán níbẹ̀, ó sì gbàdúrà lédè Amharic, ó pẹ́ díẹ̀. Iyesus àti àmín nìkan ni mo gbọ́. Ìwàásù mi wà nínú àpò kóòtù títí mo fi padà sílé.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán ná. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo bá ẹgbẹ́ oníṣègùn kan lọ sí Aswan, ní Íjíbítì. Kí a tó gbéra, wọ́n ti kìlọ̀ fún wa léraléra pé kí a má ṣe máa wàásù nígboro, mo wá pa ẹnu mọ́ ju bó ti yẹ lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin alẹ́ láti Káírò, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ jókòó tì mí. A ò gbọ́ èdè ara wa. Mo kàn ń kùn orin ìjọ kan nínú imú, kí oorun lè gbé mi lọ. Ó yíjú sí mi. Kò sọ nǹkan kan. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó yí inú ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síbi iná: àgbélébùú kékeré kan ni wọ́n fín síbẹ̀, aláwọ̀ aró tó ti ń ṣá, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ìgbà tí mo dé Aswan ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọmọ ìjọ Kóptíìkì, ìjọ tí wọ́n gbà pé Máàkù ajíhìnrere ló dá a sílẹ̀, ló máa ń fín in sára, ọ̀pọ̀ wọn láti kékeré. Lóru ọjọ́ yẹn, mi ò mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò ní nǹkan tí n ó fi hàn án padà. Mo bá fa báírò yọ, mo ya àgbélébùú sí ọrùn ọwọ́ tèmi. Ó wọ́, nítorí ọkọ̀ ń mì. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba báírò, ó gbé ọwọ́ mi lé itan rẹ̀ lẹ́bàá orí ọmọ tó ń sùn, ó tún un yà, ó fi ìlà kékeré dé apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A ò tún ṣe nǹkan mìíràn. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní Luxor kí n tó jí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni ìsinmi wọn o, ọ̀pọ̀ ìjọ ló sì ń ṣe ìsìn lọ́jọ́ náà. Méjì ti fò mí ru kí n tó mọ̀.

—

Tèmi ò gùn. Ọjọ́ méjì péré ni mo lò ní Seoul kí n tó wọkọ̀ òfurufú lọ síbi iṣẹ́ mi. Ní Kòríà Gúúsù, ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń ṣe àdúrà ìdájí, ní nǹkan bí aago márùn-ún, ẹni tó gbà mí lálejò sì mú mi lọ. Kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìjọ ké "Juyeo!" lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn "Olúwa!", kálukú wá ń gbàdúrà tirẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Èmi nìkan ló ké ẹ̀kẹrin, pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Bàbá arúgbó tó wà níwájú mi yíjú padà, ó wò mí, ó wá ké ẹ̀karùn-ún kí ojú má baà tì mí.

—

Ẹ má bínú, tèmi korò díẹ̀. Ẹ̀ ń sọ ti àwọn tó gbà yín. Ti àwọn tó lé wa náà wà.

Àwa mẹ́rin la lọ sí Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger. Ẹgbẹ́ ìhìnrere kan, n ò ní dárúkọ wọn, ti ṣèlérí ibùsùn fún wa nínú lẹ́tà. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé. Ọ̀gá wọn bi wá léèrè irú ìjọ tí a ti wá, bí a ṣe ń ṣe ìrìbọmi, bóyá a máa ń fi èdè àjèjì gbàdúrà. Nígbà tí a dáhùn tán, ó ní yàrá ti kún. Kọ́kọ́rọ́ yàrá márùn-ún ló so rọ̀ lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, mo kà wọ́n.

Ọlọ́dẹ ìjọ kékeré kan ládùúgbò náà ló gbà wá. Hausa ló ń sọ, ọ̀kan nínú wa sì gbọ́ díẹ̀. Kò bi wá léèrè ìrìbọmi. Ó tẹ́ ẹní fún wa nínú ilé ìsìn. Wọ́n kun ògiri ibẹ̀ ní funfun, ṣùgbọ́n ọ̀dà ò dé òkè lọ́dọ̀ òrùlé, ibẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. A bi í. Ó ní iná Oṣù Kìíní ọdún 2015 ni, nígbà tí àwọn kan ń bínú nítorí àwòrán tí ìwé ìròyìn kan ní Paris gbé jáde, tí wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Niamey. Ó ní aládùúgbò òun tó jẹ́ Mùsùlùmí ló kó àwọn ọmọ òun pamọ́ sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ bí òjò àná ṣe rọ̀.

Mo jí ní ìdájí láti lọ tọ̀. Mo bá òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́ta níta, wọ́n ń sùn lórí páálí. Gbogbo ẹní ilé rẹ̀ pátá ló wà lábẹ́ wa.

Ní ti ẹgbẹ́ ọjọ́sí, mo ti dárí jì wọ́n tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ó tún máa ń padà wá tí mo bá ti rí kọ́kọ́rọ́ tó so rọ̀.

—

Arákùnrin, ẹ kú ìfaradà. Nọ́ọ̀sì wa, ẹ jọ̀ọ́, mò ń lọ sí Káírò lẹ́yìn Àjíǹde. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ pè é àbí òsì?

—

Ọ̀tún ni, ẹ̀gbọ́n. Inú ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ẹ mú báírò dání. Tí wọ́n bá sì pè yín sí ìsìn aago mẹ́ta lọ́hùn-ún, aago mẹ́ta ọ̀sán náà ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà kọ́kọ́ bèèrè.