Ta ló ní iye ìbò Èkó ti 1941?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn òṣèlú Èkó, mò ń wá iye ìbò tí wọ́n dì ní 1941 láti rọ́pò Dókítà K. A. Abayomi nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kì í ṣe ìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ òṣèlú Nigerian Youth Movement fi mú Ernest Ikoli ṣe olùdíje wọn, tí wọ́n fi Samuel Akinsanya sílẹ̀ o. Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀. Ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nígbà náà, nítorí náà iye ọ̀hún kò lè pọ̀. Nínú àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà, West African Pilot ń gbè sẹ́yìn Akinsanya, Daily Service jẹ́ ti ẹgbẹ́. Èmi ò lè gba iye tí ọ̀kankan nínú wọn bá kọ gbọ́. Ṣé gásẹ́ẹ̀tì ìjọba ọdún náà wà níbi ìkówèépamọ́ ní Ìbàdàn? Kí ni kí n bi wọ́n?