Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ọmọ kíláàsì mi ń há ìwé Yorùbá sórí, wọn kò kà á

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ 38 ni mo ń kọ́ ní kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Geere ni wọ́n máa ń ka ojú ìwé tí a ti jọ kà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọwọ́ bo àwòrán, tí mo sì nàka sí "igbá" nìkan, gbogbo wọn dákẹ́, àfi ọ̀kan tó pè é ní "ìgbà". Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ gbé ìwé tì ná, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ là. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí sílébù: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ti oróńbó, nítorí pé "ń" àárín rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn yóò sì ti ṣì í. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fi ọwọ́ tọ́ka sí ohùn, dò nísàlẹ̀, re láyà, mí lókè orí, bí wọ́n ti ń pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kí ẹ tó kọ ọ̀kankan sójú pátákó.

Ìdáhùn kejì: Mo fara mọ́ ti etí, ṣùgbọ́n kí lẹ́tà má pẹ́ jù. Ẹ má kó gbogbo lẹ́tà 25 dà lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. A, i, b, d àti l ti tó láti ka "Bàbá lá àlá", ọmọ tó bá sì dá gbólóhùn yẹn kà kò ní fẹ́ há nǹkan sórí mọ́. Ẹ ṣọ́ "gb" o! Lẹ́tà kan ni, àmọ́ àwọn tó ti kọ́kọ́ mọ ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń já a sí méjì.

Ìdáhùn kẹta: Èmi a máa ní kí wọ́n sọ ìtàn fún mi, n óò sì kọ gbólóhùn mẹ́ta nínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n kà á padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni, nítorí náà ìtumọ̀ kì í ṣòro. Bí òbí bá ń kùn pé Yorùbá ń fi àkókò ṣòfò, ẹ rán wọn létí iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo dán oróńbó wò láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀pọ̀ wọn pàtẹ́wọ́, bí ẹ ti wí gẹ́lẹ́.