Èsì: "Ìjẹràṣan" kọ́, ìbóṣan ni, ẹ sì fi àmì sí i

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò. Láti ọjọ́ Ajé tí Ọ̀mọ̀wé wa ní Tánkẹ̀ ti ní "ìjẹràṣan ọpọlọ" lòun fẹ́ fi tú ADEM (acute disseminated encephalomyelitis), àìsàn ọpọlọ tó sábà máa ń mú ọmọdé yẹn, sínú ìwé pélébé tí wọn yóò pín fáwọn òbí, inú mi ò dùn. Mo fẹ́ dákẹ́. Àfi ìgbà tí Alàgbà Ọ̀fà tún gbé "ibosan" jáde fún àìsàn kan náà láìlámì kankan lórí.

Jẹrà kì í gba àbọ̀ (ẹni tàbí nǹkan tí ìṣe bá), Ọ̀mọ̀wé. Kí ló jẹrà iṣan? Ẹ gbà á ní gírámà ná, ìtumọ̀ ńkọ́? Ta ló rí ẹran tó jẹrà tó tún padà di tútù? Ìyá tó bá gbọ́ ọ, jẹjẹrẹ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Nínú ADEM, àwọn ọmọ ogun ara tó lé ikọ́ tàbí ibà lọ ló ṣìnà, tí wọ́n kọjú sí èèpo tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Èèpo ló ń ṣí. Iṣan fúnra rẹ̀ sábà máa ń kù síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń yá.

Ìyá wa àgbà ní Òmù-Àrán, Ọlọ́run á kẹ́ wọn, kì í gbé ẹ̀wà àkàrà lọ sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọn ò bá tíì fọwọ́ bó o. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á fàtẹ́lẹwọ́ ra á nínú omi, èèpo á léfòó, wọ́n á dà á nù, hóró á kù nísàlẹ̀ igbá, funfun, odindi. Ẹni tó bó ẹ̀wà kò ba ẹ̀wà jẹ́. Bó iṣan, bóṣan, ìbóṣan.

Alàgbà, ẹ ní ọmọ iléèwé ló nílò àmì. Ó dáa. "Bò" níwájú àbọ̀ a máa di "bo", bó ṣe rí nínú ìbora. Ìboṣan, aṣọ tó wà lára iṣan nìyẹn. Ìbóṣan, wọ́n ti bọ́ ọ. "Ibosan" tiyín, èwo ni nọ́ọ̀sì yóò kà fún ìyá ọmọ? Èyí tí ọmọ ti ní láti kékeré, àbí èyí tó gbé e dé ọsibítù?

Ẹni tó ní "gìrì" làwọn àgbà Ìgbómìnà ń pè é, pé ó ti tó: ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 6, wúkọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó yá. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó jí, kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Gìrì làwa náà pè é, a ń po àgbo. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣòfò. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú orí rẹ̀, àbàwọ́n funfun káàkiri. Ọjọ́ 5 ni wọ́n fi fa methylprednisolone, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ogun ara, sí i lára, kí wọ́n tó fún un ní oògùn oníhóró tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó ń sáré báyìí. Ṣùgbọ́n ìṣirò ń nira fún un, ọkàn rẹ̀ kì í pẹ́ lójú kan, olùkọ́ rẹ̀ sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Kí ìwé yín sọ ìyẹn náà. Kó sì sọ pé àìsàn náà lè padà wá lára àwọn díẹ̀, pàápàá àwọn tí èròjà tó ń gbógun ti MOG, ìyẹn ohun kan lára èèpo iṣan yẹn, kò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ti "mùdùnmúdùn" tí ẹnìkan tún dá fún èèpo iṣan: Virchow, ará Jámánì tó sọ èèpo yìí ní myelin ní 1854, mùdùnmúdùn lédè Gíríìkì ló mú. Mùdùnmúdùn eegun kọ́ ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tá a fẹ́ jogún àṣìṣe baba oníbàbá?

Iṣan gbòòrò jù, mo gbà: ti apá, ti ẹ̀jẹ̀, ti ọpọlọ, iṣan ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní òmíràn kó mú un wá, kó má fi oyè bá mi sọ̀rọ̀; ọdún 31 lèmi náà fi kọ́ni ní Yorùbá.

Ọ̀mọ̀wé, tí ìwé yẹn bá dé ilé ìtẹ̀wé pẹ̀lú "ìjẹràṣan", ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò.